Orí Keje: Ètò Tí Morádékẹ́ Mú

"Ọwọ́ ta lẹ fi sínú orin mi?" Morádékẹ́ béèrè.

Ohùn gìtá rẹ̀ ń jáde bọ̀ láti inú àpótí funfun kékeré tó wà lórí tábìlì, ó mọ́ kedere, ó ń dán bí abọ́ tánganran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti yọ̀ lórí wáyà, kò yọ̀ mọ́. Ibi tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn gìtá gbì, kí oníjó lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí, ti di òfo.

"Ọwọ́ yín náà ni, mà," Bọ́látitó dáhùn. "Ètò yìí kàn bá yín tún un ṣe díẹ̀ ni. Dídán lorúkọ rẹ̀. Nínú ilé mẹ́wàá ní Ẹ̀pẹ́ yìí, ẹ ó bá a nínú méje."

"Mo tẹ̀ ẹ́ ṣì nígbà kejì. Mo mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́ ṣì. Àṣìṣe mi dà?"

Rúfáì, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé orúnkún, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi o, ará Ilé Ohùn. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi tún ọwọ́ obìnrin yìí ṣe. Ẹ má gbé àpótí yẹn lọ."

"Rúfáì, pa ẹnu rẹ dé."

"Mo ti pa á dé. Ẹ̀rín ló ń já bọ́."

Bọ́látitó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bojú wo ibòmíràn kó má bàa dà bíi pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, òṣìṣẹ́ Ilé Ohùn, ibi tí wọ́n ń kó orin gbogbo ìlú pa mọ́ sí. Òwúrọ̀ yẹn ló wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá sábẹ́ ilé Morádékẹ́, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ilé, ó sì gun àkàbà wọlé pẹ̀lú àpótí mẹ́ta nínú àpò àgbékọ́: funfun kan, dúdú kan, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ eérú. Sọ́fúwià ìgbohùnsílẹ̀ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lára gbogbo wọn ni wọ́n lẹ ìwé pélébé kan náà mọ́: ILÉ KAN, ÈTÒ KAN, ỌDÚN MÉJE.

Nísàlẹ̀, omi ọ̀sà ń lá àwọn òpó ilé. Títì Kejì ni wọ́n ṣì ń pe àdúgbò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi ẹsẹ̀ tẹ títì kankan níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń fi oòrùn rìn ń kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òórùn ẹja yíyan ń wọlé láti orí pẹpẹ àwọn aládùúgbò, òórùn tí ẹni tó bá ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kì í rí níbòmíràn, bó ti wù kó pẹ́ tó nídàálẹ̀, bó ti wù kí ẹja ibẹ̀ pọ̀ tó.

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀, mà," Bọ́látitó wí. Ó gbé ọwọ́ Morádékẹ́ sókè, ó ka ohun tó wà lára ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbà pẹlẹbẹ tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. "Ọjọ́ Ajé ni dókítà ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Oríkèé àtàǹpàkò ọ̀tún yìí ni wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n á fi onírin sí i. Wọ́n ní gbogbo ìrora yìí á lọ. Wọ́n ní màá tún lè fi í gún iyán."

"Ta ni yóò wá jẹ iyán ẹ̀yin?" Rúfáì béèrè.



"Tí irin bá ti wọ ọwọ́ yín," Bọ́látitó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹ̀gbà yìí á mọ̀. Kò ní fún yín ní òǹtẹ̀ Ọwọ́ Ènìyàn mọ́ láéláé. Orin tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ yẹn, a kì í gbà á sílé. Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Morádékẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbàlagbà tí kò rántí àwọn ọdún tí ẹ̀rọ ń dá orin ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín wákàtí kan, tí ẹnì kan ní ìlú yìí wá orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré, tí irinwó ohùn ìyá sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń kọ ọ́, gbogbo wọn ń pe orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni òǹtẹ̀ ti dé. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó yan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ṣe òfin náà.

"Orin mẹ́rìnlá ni mo ní," ó wí. "Òní, ọ̀la, ọ̀tunla. Ọwọ́ yìí kò lè ṣe ju márùn-ún lọ lójúmọ́."

"Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mú ètò kan lónìí. Ilé iṣẹ́ wa kì í ṣí lọ́la àti lọ́tunla. Èyí tí ẹ bá mú, màá fi èdìdì dè é mọ́ ilé yín, màá kó méjì tó kù lọ."

"Gbé funfun yẹn kúrò níwájú mi. N ò fẹ́ ohun tó ń dójú tì mí nínú ilé mi."

Rúfáì mi orí. "Mo mọ̀ pé n ò ní ṣoríire."

Bọ́látitó gbé àpótí dúdú síwájú. Ẹgbẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ olórin tí kò pé mọ́. Kì í tún ọwọ́ ẹni ṣe. Ó kàn ń fi ọwọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Àpótí náà fi ohùn ọkùnrin pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ta ni kò sí nínú ẹgbẹ́ yín?"

Morádékẹ́ wo Rúfáì. Rúfáì wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá wa," Morádékẹ́ dáhùn. "Lámídì Agboọlá. Òun ló kọ́ èmi àti Rúfáì níṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Títì Ayétòrò, kí omi tó gbà á."

"Mo ní ohùn wọn," ni àpótí wí. "Ilé rédíò àtijọ́ gba orin mọ́kànlá sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀, wọn yóò bá yín."

Morádékẹ́ gbé gìtá rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tó wú náà gbá wáyà ìsàlẹ̀, ó fi ìka kejì dá a lóhùn lókè, bí wọ́n ti ń ta á ní ọ̀nà tiwọn, ìka méjì péré. Kò tíì lọ jìnnà tí gìtá kejì fi wọlé.

Ọ̀gá Lámídì ni. Òun gan-an ni. Ohùn gìtá náà gbẹ díẹ̀, ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti imú, nítorí wáyà ọkọ̀ ni ọ̀gá fi ń so ó nígbà tí kò rí ti gidi. Morádékẹ́ kò mọ ìgbà tí òun na ẹ̀yìn òun ró, tó fa etí aṣọ bo orúnkún, bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ọ̀gá bá wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, Rúfáì ti ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ta á títí dé ìlàjì. Níbẹ̀ ni àtàǹpàkò ti dùn ún wọ egungun, tó sì bọ́ sórí wáyà tí kò yẹ. Gìtá ọ̀gá bá a bọ́ síbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ lọ láti òwúrọ̀. Morádékẹ́ wá mọ̀ọ́mọ̀ yà sí ibi tí kò yẹ rárá. Ọ̀gá tún yà tẹ̀lé e.

Morádékẹ́ fi ọwọ́ pa wáyà.

"Kí ló dé, mà? Ó ń dùn!"

"Ọ̀gá kì í tẹ̀lé mi," ó wí. "Bí mo bá ṣìnà, ibi tó wà ni yóò dúró sí, yóò máa ta tirẹ̀ lọ títí màá fi tijú padà wá. Ní ọdún mẹ́fà tí mo fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá mi lọ síbi tí kò yẹ lọ́jọ́ kan. Ta lẹ wá fún mi yìí? Ọkọ ìyàwó ni?"

Rúfáì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yára nu ojú kó tó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ó wá ku àpótí aláwọ̀ eérú. Bọ́látitó gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Gbàábẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò mọ ju pé kó gba ohun tó bá gbọ́. Kì í tún un ṣe, kì í fi kún un, kì í yọ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ ló sábà máa ń mú un.

"Èmi náà kúkú ń ké bí ẹyẹ," Morádékẹ́ wí. "Ṣí i."

Orin tí ó ta sí i ni ti Títì Ayétòrò, èyí tó ṣe lọ́dún tí omi gba títì náà. Nínú rẹ̀ ló ti ń ka àwọn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé etí omi: ilé aránṣọ, ilé onígbàjámọ̀, ilé ìyá tó ń ta kókó gbígbóná, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Bó bá ti dárúkọ ilé kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gìtá lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Rúfáì fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọkọ̀ kan kọjá lábẹ́ ilé. Morádékẹ́ wúkọ́. Nígbà tí Bọ́látitó jẹ́ kí wọ́n tún orin náà gbọ́, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, ọkọ̀, ikọ́, àti ibi tí ó ti tẹ̀ ẹ́ ṣì, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé síta.

"Èyí ni," Morádékẹ́ wí, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi nìyẹn. Ẹ fi èdìdì dè é."

"Ó ku ìbéèrè kan, mà. Òfin ni."

Àpótí eérú kò ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé kóòtù. "Ta ló ni orin yìí?"

"Ọ̀gá mi ni," Morádékẹ́ dáhùn. "Ọ̀gá Lámídì Agboọlá."

Iná pupa tàn lórí àpótí. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ náà pọ́n.

"A ti gbà á," ni ohùn náà wí. "Orin olóògbé ni. A kì í gba orin olóògbé sílẹ̀ nínú ilé. Bí ìdáhùn yìí bá dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, gbogbo orin tó bá jáde láti ọwọ́ yìí yóò wọ Yàrá Ìdákẹ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbọ́ orin mọ́, sí orúkọ Lámídì Agboọlá."

Bọ́látitó ti dìde. "Mà! Kí lẹ sọ yẹn? Orin tó ń sọ nípa omi tó gba títì! Ọ̀gá yín ti kú kí omi tó gbà á!"

"Oṣù mẹ́ta ṣáájú."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá jẹ́ àwọn ló ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é. Àpótí yìí kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó béèrè ẹni tó ni ín."

"Ẹ tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà. Ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ó tán."

Àpótí tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Morádékẹ́ tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo ni ín."

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. "Ẹnu ló sọ ọ́," ni ohùn náà wí. "Àyà kò bá a sọ ọ́. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Bọ́látitó tún jókòó, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbà náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, pé ìlùkìkì ọkàn ló ń kà, nítorí àwọn tó ń jí orin olórin gbé lọ́jọ́sí. Ó ní òun kò tíì rí i rí kí ó mú ẹni tó ń sẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó yé mi. Kí ló dé tí ẹ ò gbà pé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

Rúfáì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Kò gba fírídọ̀ọ̀mù."

"Kí ni?"

"Ọmọ iṣẹ́ ni. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Lámídì ni. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá sì ṣe, ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni. Aṣọ tó bá rán, bàtà tó bá gán, orin tó bá ta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta!"

"Ọjọ́ orí kọ́ ló ń yọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́," Morádékẹ́ wí. "Wọ́n ti mú ọjọ́ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Mo ti rán aṣọ, mo ti ra mínírà páálí mẹ́fà. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá sùn, kò jí. Mínírà tí mo rà, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni wọ́n ti mu ún." Ó yí ojú sí omi. "Ta ni ó fẹ́ yọ̀ǹda mi lẹ́yìn ìyẹn?"

Bọ́látitó ronú díẹ̀. Ó fa àpótí dúdú sún mọ́ ara rẹ̀. "Ẹ mú Ẹgbẹ́, mà. Òun kì í béèrè báyìí. Orúkọ ọ̀gá yín àti orúkọ yín ni yóò jùmọ̀ wà lórí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹ sẹ́ ọ̀gá yín. Òǹtẹ̀ náà ni yóò jẹ́ aláàbọ̀, Ọwọ́ Ènìyàn Pẹ̀lú Ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí irin kò tíì wọ ọwọ́ yín, a ó gbà á sílé. Orin mẹ́rìnlá náà kò ní sọnù."

Ó jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn, Morádékẹ́ sì fi ojú wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó ro ti gìtá pẹ̀lẹ́ yẹn, tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri nínú orin mẹ́rìnlá, tí kò ní bá a wí, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì gbọ́ pé ọ̀gá ìyá àgbà wọn nìyẹn. Yóò parọ́ mọ́ òun, yóò tún parọ́ mọ́ ọ̀gá. Ó sún àpótí dúdú náà sẹ́yìn pẹ̀lú ìka kan.

"Ọ̀nà mìíràn wà," Rúfáì wí.

"Dákẹ́."

"Ẹ mọ̀ pé ó wà."

"Mo ní kí o dákẹ́, Rúfáì."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, bàbá," Bọ́látitó bẹ̀bẹ̀. "Kí ni?"

Rúfáì gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. "Bí ọ̀gá bá kú, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú, tó sì ti gba tirẹ̀, ló ń yọ̀ǹda àwọn tó kù. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá yọ̀ǹda mi ní ọdún méjì kó tó kú. Èmi ni sínió rẹ̀." Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. "Àmọ́ ó ní láti kúnlẹ̀ fún mi."

"Mo wẹ̀ ọ́ rí!" Morádékẹ́ fọhùn. "Àdúgbò kan náà la ti dàgbà. Mo fi ọdún mẹ́rin gbáko jù ọ́ lọ. Ìyá rẹ á gbé ọ lé mi lọ́wọ́, màá gbé ọ sínú ọpọ́n, màá fi kànìnkànìn ha ìdọ̀tí kúrò lọ́rùn rẹ, ìwọ á máa ké bí ewúrẹ́. Kí n wá kúnlẹ̀ fún ọ!"

"Ìta nìyẹn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ṣáájú."

"Ìdí tí o kò fi sọ ọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn."

"Kí n sọ kí ni? Kí n kanlẹ̀kùn yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí n ní Àǹtí Morá, ẹ jáde wá kúnlẹ̀? Ẹ ò bá gbá mi létí." Ó wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. "Mo dúró pé ẹ máa béèrè. Lọ́dọọdún ni mo ń dúró. Mo rò pé bóyá ẹ ò kà mí sí ọmọ ọ̀gá ni, pé oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lásán ni mí lójú yín."

Morádékẹ́ wò ó. Ọkùnrin yìí ti jókòó sí apá òsì rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi òkú, láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú, kò sì já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹni tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà ń retí nǹkan lọ́wọ́ òun. Ìgbéraga òun, ìgbéraga kékeré ẹni tó wẹ ọmọdé rí, ni ó ti ń so orin òun mọ́ ọrùn òkú. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó rọrùn lójú rẹ̀. Ohun tí èèyàn lè fi orúnkún méjì parí kò yẹ kó gba ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ó dìde. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Jókòó sórí àga tó dáa," ó wí fún Rúfáì. "N ò ní kúnlẹ̀ fún ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Rúfáì jókòó sórí àga. Gbogbo ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ báyìí, ó sì dà bí ọmọkùnrin tí wọ́n gbé ìwé fún pé kó kà á síwájú ìjọ. Morádékẹ́ gbé gìtá rẹ̀ fún un lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ta kò ó. Ó fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀ títí ó fi balẹ̀ dáadáa.

"Morádékẹ́," Rúfáì bẹ̀rẹ̀.

"Sà."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bọ́látitó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ní ọdún mẹ́fà tí o fi wà lọ́wọ́ wa, ṣé o jí ohun kan mú ní ṣọ́ọ̀bù?"

"N ò jí nǹkan kan, sà. Wáyà kan péré. Mo ti dá a padà."

"Ṣé o sọ̀rọ̀ ọ̀gá láìdáa lẹ́yìn?"

"Mo sọ ọ́ gan-an, sà. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà wúwo. "Èmi Rúfáì, ọmọ iṣẹ́ Lámídì Agboọlá, mo dúró ní ipò ọ̀gá wa, mo yọ̀ǹda rẹ lónìí. Má ṣe ṣìṣe débi tí àwọn ènìyàn yóò fi béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Kí ọwọ́ rẹ má kú mọ́ ọ lára, ì báà jẹ́ ẹran, ì báà jẹ́ irin. Láti òní lọ, ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe, tìrẹ ni. Èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀, tìrẹ náà ni. Má wá dì í rù wá."

"Àmín," Bọ́látitó wí.

"Àmín," Morádékẹ́ wí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó gbójú sókè. "Ṣé kí n dìde?"

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i. Ó ń dùn mọ́ mi."

"Rúfáì!"

Rúfáì yára na gìtá sí i, ó sì fi apá rẹ̀ gbé e dìde, àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle bí ẹni tó gun òkè. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Rúfáì ń yẹ nǹkan kan wò nínú fìlà rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Morádékẹ́ jókòó síwájú àpótí eérú. "Béèrè," ó wí fún un.

"Ta ló ni orin yìí?"

"Èmi Morádékẹ́ ọmọ Ajétúnmọbí ni mo ṣe é, èmi ni mo ni ín, àti mẹ́tàlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá sì ní àyè nínú ìwé rẹ, kọ ọ́ síbẹ̀ pé Lámídì Agboọlá ló kọ́ mi níṣẹ́, pé Rúfáì ló sì yọ̀ǹda mi."

Ẹ̀gbà ọwọ́ Morádékẹ́ tutù, ó gbóná, ó tún tutù. Iná àwọ̀ ewé tàn.

"A ti gbà á," ni ohùn náà wí. "Àyè wà."

Bọ́látitó tẹ èdìdì mọ́ ìdí àpótí eérú. Ó kó funfun àti dúdú sínú àpò rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí Morádékẹ́ kú oríire, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń lọ lábẹ́ àwọn ilé.

"Ó yá," Rúfáì wí, ó ti gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà sórí orúnkún. "Ìkejì. Mo mọ ibi tí màá ti wọlé." Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó ti ń jù ú.

Morádékẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì dákẹ́.

"Orin mi ni," ó wí. "Bí mo bá fẹ́ ọ, màá pè ọ́."

Rúfáì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń dúró.